Ẹ Má Tíì Tàn Án

Ẹ má tíì tàn án, bàbá. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò.
Inú òtútù ló ti ń bọ̀,
ó ń làágùn bí ìgò omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fìríìjì.
Bá a bá fún un níná báyìí,
omi á pàdé iná nínú ikùn rẹ̀,
ọ̀rọ̀ á sì di òkú tí mi ò lè jí.
Ẹ jókòó. Tíì oníyọ̀ ń bẹ nínú fúláàsì.

Baasanjav lorúkọ rẹ̀,
olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, láti ẹ̀bá aṣálẹ̀ Gobi.
Wákàtí mẹ́rìnlá nínú bọ́ọ̀sì òru,
kọ̀ǹpútà agbélétan rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín àpò ẹran dídì,
awakọ̀ ní kò sáyè lókè.
Ní Ulaanbaatar lónìí, itọ́ ń dì kó tó kanlẹ̀.
Ṣọ́ọ̀bù mi ò ju àpótí aṣọ lọ,
lẹ́tà méjì ti ṣí kúrò nínú orúkọ mi lára gíláàsì.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" mo bi í.
Fọ́tò ìgbéyàwó ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ.
Ó ní, "Àwọ̀ ẹṣin."
"Ẹ ní kín ni?"
Igba orúkọ ó lé mọ́kànlá
tí àwọn darandaran ń pe àwọ̀ ẹṣin.
Ẹṣin tó jọ eérú tí ìrì sẹ̀ sí.
Ẹṣin tó jọ tíì tí wàrà ò tó nínú ẹ̀.
Ẹṣin tó dà bí ẹni pé ó la odò wàrà kọjá, tó gbàgbé láti nu ikùn.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gun alùpùpù láti àgọ́ dé àgọ́,
ó ń béèrè, ó ń tẹ̀ ẹ́.
"Àwọn tó sọ ọ́ fún mi, méje ló kù láyé."
"Ṣé ẹ dà á kọ síbòmíràn?"
Ó wo inú ife tíì.

Wákàtí méjì. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀: ó ti gbẹ.
Mo tẹ bọ́tìnnì.
Iná kékeré ṣẹ́jú. Fáànù mí lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.
Ojú rẹ̀ ṣú dẹ̀dẹ̀.
Ó wá ké: ọ̀kan gígùn, kúkúrú méjì.
Bàbá fò dìde. "Ṣé ó ń kú lọ ni?"
"Rárá. Ó ń sọ ibi tó ń dùn ún ni.
Èyí tí kò ké rárá ni mò ń bẹ̀rù."

Mo dojú ẹ̀ dé. Súkúrúù mẹ́wàá. Ọ̀kan ti jẹ lórí,
mo bú u, ó jáde.
Nínú ẹ̀: iyanrìn. Irun ràkúnmí.
Èérún wàrà gbígbẹ kan.
Bàbá gbójú sókè, ó ń wo òrùlé
bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń jẹun lórí iṣẹ́.
Mo yọ pátákó ìrántí, kò gùn ju ìka àárín mi lọ;
etí rẹ̀ tó yẹ kó máa dán bíi wúrà
ti ṣú bí eyín amusìgá.
Mo wá ìrésà mi títí, mi ò rí i.
Bàbá tọwọ́ bọ àpò. Olùkọ́ kì í fẹ̀yìntì tán:
ìrésà ilé-ìwé, ojú eyín ọmọ kan ṣì wà lára rẹ̀.
Mo fi nu etí náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lọ bọ̀, lọ bọ̀.
Kò sí idán mìíràn.
Ohun tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́
ni mo fi ń bẹ ìrántí kó padà wálé.

Ó wọlé, ó ró "ká". Mo tẹ bọ́tìnnì.
Kò ké.
Ojú rẹ̀ là,
ó sì béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Kò gbà.
Ó tún un tẹ̀. Kò gbà.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.
"Àwọ̀ ẹṣin kan ni," ó ní. "Èwo nínú wọn..."
Ó gbé fóònù, ó pe ìyàwó rẹ̀.
Mo ń gbóhùn ìyá náà lọ́hùn-ún, ajá ń gbó lẹ́yìn rẹ̀:
"Èyí tó gbé ẹ ṣubú níwájú bàbá mi ni,
lọ́jọ́ tó o wá tọrọ mi!"

Etí bàbá pọ́n. Ó tẹ lẹ́tà kan. Ó tẹ òmíràn.
Mi ò wo ọwọ́ rẹ̀.
Mo ń ka súkúrúù. Mẹ́sàn-án ni.